Re: "ìfòjìnnà": ẹ má fi wákàtí pọ̀ mọ́ kìlómítà

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò lè gba ọ̀rọ̀ tuntun tí wọ́n ní ká máa lò fún ìrìn bàálù, "ìfòjìnnà" yìí, wọlé rárá. Ẹ̀gbọ́n wa tó gbé e wá ní òun náà la máa pe iye kìlómítà tó wà láàárín pápákọ̀ òfuurufú méjì, òun náà la tún máa pe iye wákàtí tí bàálù máa lò lókè. Báwo?

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá, ẹ wo bí wọ́n ṣe hun ún ná. "Ẹyẹ náà fò jìnnà", ẹyẹ ló ṣe nǹkan. Tẹ́ ẹ bá wá fi "ì-" síwájú ẹ̀, fífò lẹ dárúkọ, ẹ ò tíì dárúkọ ọ̀nà. "Jìnnà" tó gbẹ̀yìn ẹ̀ sì ti dájọ́ tẹ́lẹ̀ pé ibẹ̀ jìn. Èkó sí Àbújá tí bàálù ń fi bíi wákàtí kan fò ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká mú Èkó sí New York. Ó lé ní kìlómítà 8,400, àlọ ni o, àbọ̀ ni o, kò yí. Àmọ́ ẹni tó ń lọ á fi bíi wákàtí 11 sí 12 jókòó, ẹni tó ń bọ̀ wálé á fi bíi 10 àtààbọ̀, torí afẹ́fẹ́ líle kan wà lókè lọ́hùn-ún tó ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, ó ń ti ẹni tó ń bọ̀ wálé láti ẹ̀yìn, ó ń kọjú ìjà sẹ́ni tó ń lọ. Èwo nínú wákàtí méjèèjì ni "ìfòjìnnà" wá jẹ́?

Arábìnrin tó ní wákàtí 6 péré ni Èkó sí New York, torí tíkẹ́ẹ̀tì kọ ọ́ pé wọ́n gbéra l'Ékòó láago 11 alẹ́, wọ́n balẹ̀ láago 5 ìdájí, aago New York lẹ kà yẹn. Nígbà òtútù wọn, aago tiwa fi wákàtí 6 ṣáájú, ẹ ṣírò ẹ̀ mọ́ ọn.

Àwọn kan tún ní àwọn àgbà ò ya ọ̀nà sọ́tọ̀ kúrò lára àsìkò. Kò rí bẹ́ẹ̀ o! Bàbá wa àgbà, tẹ́ ẹ bá bi wọ́n bí oko ṣe jìn tó, wọ́n á kọ́kọ́ bi yín pé ṣé ẹ máa rẹrù àbí ọwọ́ lásán lẹ fẹ́ fi lọ. Ọ̀nà kan náà ni, ẹrù ló ń mú kó pẹ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ ẹni tó fẹ́ ká máa fi "ibùsọ̀" ka ọ̀nà bàálù, ibi téèyàn ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ sinmi ni ibùsọ̀, bàálù tó bá sì gbéra ní Singapore lọ sí New York, ó lé ní kìlómítà 15,000, bíi wákàtí 18, kò sọ̀ níbì kankan. Mo mọ̀ pé ó ti di máìlì nínú ìwé tipẹ́, síbẹ̀ "sọ̀" ṣì wà nínú ẹ̀.

Tèmi ni "ìwọ̀n ọ̀nà òfuurufú" fún kìlómítà, torí "ìwọ̀n" kì í sọ pé ó jìn tàbí ó súnmọ́, "wákàtí òfuurufú" fún ìgbà tí bàálù fi wà lókè, ká sì fi "wákàtí ìrìn àjò" sílẹ̀ fún ẹni tó bá ka ìdúró ní pápákọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó ní "ìrìn" ò yẹ bàálù torí kò lẹ́sẹ̀, ọkọ̀ ojú omi náà ò lẹ́sẹ̀, ó sì ń rìn.