Súìtì àti mínírà nígbà èwe: òfin wo ni wọ́n ṣe fún yín nílé?

Àbẹ̀kẹ́ Gàmbàrí
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Kwara. Ọmọ àbúrò mi wá kí wa lánàá, ó gba ìdí fìríìjì lọ tààrà, ó ṣí mínírà kan, ó ń mu ún lọ, kò wo ojú ẹnì kankan. Nílé tiwa, ta ló tó bẹ́ẹ̀? Iléyá àti Ìtunu Ààwẹ̀, ó parí. Ìgò kan, ọmọ mẹ́ta. Tí màmá mi bá sì gbóòórùn Tom Tom lẹ́nu ẹ, wàá sọ ẹni tó fún ẹ, wàá sọ ibi tó ti fún ẹ, wàá tún sọ ohun tó ń wá lọ́dọ̀ ẹ. Kí lòfin tiyín?

Ọmọ Àfáà
Ẹni tó bá dàgbà ní Ìlọrin á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ilé kéwú ni bàbá mi ní, kò sí òpin ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í pè wọ́n síbi wòlímọ̀, ìsọmọlórúkọ, yìgì tàbí fìdáù. Àwa ọmọ ń tẹ̀ lé wọn. Òfin wọn ni pé mínírà tí wọ́n bá gbé síwájú wa lóde, a ò gbọdọ̀ mu ún níbẹ̀, ilé là ń gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀, inú ìgò ni mínírà wà nígbà yẹn, olóde á sì dúró ti ìgò rẹ̀, torí kéréètì gbọ́dọ̀ pé mẹ́rìnlélógún kó tó dá a padà fún ẹni tó tà á. Kí ni màmá mi wá ń ṣe? Kẹ́ẹ̀gì. Wọ́n á yọ kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́rin jáde lábẹ́ ìborùn, wọ́n á máa da gbogbo ẹ̀ sí i: Fanta, Coke, Sprite, Mirinda. A ó délé, gáàsì ti tán, ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, àwọ̀ rẹ̀ ti dà bí omi àgbo. Wọ́n á wá mú kọ́ọ̀pù onírin kékeré kan, èyí tí etí ẹ̀ ti tẹ̀, wọ́n á máa wọ̀n ọ́n. Ọmọ inú ilé, kọ́ọ̀pù kan. Ọmọ kéwú tí wọ́n gbé wá láti Jẹ́bà, kọ́ọ̀pù kan. Bàbá mi ní ọmọ tó jókòó ti wàláà nílé kò gbọdọ̀ rí wa ká ti òde dé pẹ̀lú ẹnu dídùn kí tiẹ̀ máa gbẹ. Títí dòní, mi ò lè dá nǹkan mu níwájú ọmọ ọlọ́mọ.

Ìyá Rọ́fíà
Kẹ́ẹ̀gì! Ta ló sọ tilé wa fún ẹ?

Dípọ̀ Òmù-Àrán
Coke àti Sprite nínú kẹ́ẹ̀gì kan náà, ẹ sì mu ún? Ẹ má bínú, mi ò gbà.

Ìyá Rọ́fíà
Dípọ̀, o ò gbà? Bi ẹnikẹ́ni ní Ọjà-Ọba. Tiwa tiẹ̀ tún le jù, kẹ́ẹ̀gì òróró ni. Wọ́n á fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n á da yanrìn sí i, wọ́n á gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, òróró á ṣì léfòó sójú Fanta. A sì ń jà sí i.

Ọmọ Ìgbàjà
Olùṣọ́-àgùntàn ECWA ni bàbá mi, àlejò ló ń wá bá wa. Bí àlejò bá ti jókòó, èmi ni wọ́n ń rán lọ ra mínírà. Màá mú ìgò òfìfo dání, torí bí o ò bá mú ìgò lọ, o máa fi owó ìgò sílẹ̀. Òfin: a ò gbọdọ̀ dúró ní pálọ̀ bí àlejò bá ń mu nǹkan. Nítorí náà, ẹ̀yìn kọ́tìnì la máa ń wà, à ń wo bó ṣe ń lọ sílẹ̀ nínú ìgò. Díákónì kan wà tó jẹ́ pé ìlàjì ni wọ́n máa ń mu, wọ́n á ní "ẹ pe àwọn ọmọ yẹn wá." Ọlọ́run á fún wọn lẹ́mìí gígùn. Ẹlòmíì wà tó máa mu ún dé ìdí, táá tún dorí ìgò kodò, táá wá béèrè omi.

Àdùkẹ́ Ọ̀fà
Ẹ má gbàgbé ojú màmá o! A lọ kí ìyàwó bàbá mi kan, wọ́n ní, "Àdùkẹ́, ṣé wàá mu Fanta?" Mo wo ọ̀tún, màmá mi ti gbé ojú kan sí mi. Mo ní "mo ti yó, ẹ ṣé, mà." Òùngbẹ ń gbẹ mí débi pé mi ò lè gbé itọ́ mì. Wọ́n tún bi mí, màmá mi wá rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní "gbà á, kí ló dé?" Ẹ̀rín yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Ìyá Rọ́fíà
Àà! "Gbà á, kí ló dé?" Tó o bá gbà á, o ti kú.

Abú Sábó-Òkè
Màmá mi ò tiẹ̀ ń wò wá. Ikọ́ ni wọ́n ń wú.

Dípọ̀ Òmù-Àrán
Ẹ̀ ń sọ ọ́ bí ohun tó dùn. Ìbẹ̀rù ni wọ́n fi tọ́ wa. Ọmọ tí kò lè sọ "mo fẹ́" láì kọ́kọ́ wo ojú ìyá ẹ̀, tó bá dàgbà, ojú ta ni yóò máa wò? Àwọn ọmọ tèmi, mo ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́.

Àdùkẹ́ Ọ̀fà
Ìdí wà fún un, Dípọ̀. Ìgbà yẹn ọ̀rọ̀ gbọ́mọgbọ́mọ ń jà ràn-ìn, súìtì ni wọ́n ní wọ́n fi ń tan ọmọ. Ìyá tó kọ́ ọmọ pé kó wo ojú òun kó tó gba nǹkan, ó fẹ́ kọ́mọ òun délé ni.

Ọmọ Àfáà
Ẹni tó ń pín in dọ́gba ò fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Ibi tí ọ̀kan bá ti ń mu tí èkejì ń wò, ibẹ̀ nìyà wà.

Abú Sábó-Òkè
Jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá nílé tiwa. Súìtì kan, àgbo kan. Àgbo ọ̀hún korò débi pé súìtì ò wù ẹ́ mọ́.

Nọ́ọ̀sì Eléyín
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí iṣẹ́ mi ni. Ẹ̀yìn ọmọ tí kì í jẹ ẹ̀fọ́, tí kì í mu omi, tí ìgbẹ́ ẹ̀ sì ń le, ni kí ẹ ti wá jẹ̀díjẹ̀dí, kì í ṣe ẹ̀yìn súìtì. Eyín ni súìtì ń bá jà. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tó wà lẹ́nu gbogbo wa ń jẹ ṣúgà, wọ́n ń sọ ọ́ di ásíìdì, ásíìdì yẹn ló ń gbẹ́ ihò sí eyín. Ìgò Coke 35cl kan ní ṣúgà tó tó nǹkan bíi gíráàmù 37. Lọ́dún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tí ṣúgà tí àgbàlagbà ń fi kún oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ bá lè wà lábẹ́ gíráàmù 25, ó dáa jù. Ìgò kan ti kọjá ẹ̀. Ohun tí mo sì ń rí lẹ́nu àwọn ọmọ ni pé iye ìgbà ló ń pa eyín jù. Ọmọ tó mu mínírà lọ́jọ́ ọdún pẹ̀lú oúnjẹ sàn ju èyí tó ń fa súìtì láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Mo yọ eyín fún ọmọ ọdún mẹ́fà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dùn mí dọ́kàn. Àwọn màmá wa ò mọ ti ásíìdì, ṣùgbọ́n òfin wọn tọ̀nà.

Abú Sábó-Òkè
A dúpẹ́, mà. Ṣùgbọ́n tí mo bá mu mínírà méjì, ìdí mi ń sọ fún mi.

Dípọ̀ Òmù-Àrán
Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì wọ̀ mí létí. Ìjọba tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí náírà 10 lórí lítà mínírà kan ní 2022 nítorí ṣúgà yìí kan náà.

Àdùkẹ́ Ọ̀fà
Náírà 10! Ojú màmá mi lágbára ju ìyẹn lọ.

Ọmọ Bacita
Bàbá mi ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ṣúgà Bacita, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1964. Ìrèké ni súìtì tiwa. Òfin kan ṣoṣo: má fi eyín bó ìrèké tí eyín ẹ bá ń mì.

Ìyá Rọ́fíà
Bacita! Ó yẹ kí wọ́n má jẹ́ kó kú, ká má tún máa ra ṣúgà òkè òkun.

Alákàrà Òró
Ẹ̀yin ń sọ ti mínírà. Bàbá dúdú ni màmá mi ń ṣe tà, òfin wa ni pé ọmọ ọlọ́jà kì í lá ọjà. Wọ́n ń kà á kí wọ́n tó tò ó sínú ìgò, wọ́n sì tún ń kà á bí wọ́n bá ti ilé ìwé tí wọ́n ń tà á sí dé. Ṣùgbọ́n ìdí ìkòkò, tiwa ni. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, tó ti jóná díẹ̀, a ó fi ṣíbí ha á.

Nọ́ọ̀sì Eléyín
Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń sè é? Tèmi ń dì bíi ṣúgà ni.

Alákàrà Òró
Ẹ rẹ́ àgbọn, ẹ fún oje rẹ̀, ẹ da ṣúgà sí i, ẹ gbé e kaná. Iná kékeré. Ẹ máa rò ó, ẹ má kúrò nídìí ẹ̀ rárá. Ó máa kọ́kọ́ yọ òróró, lẹ́yìn náà ló máa pọ́n, kó tó dúdú. Ìgbà tó bá ń fà bíi okùn lẹ́nu ṣíbí ni kí ẹ sọ̀ ọ́, kí ẹ máa fi ọwọ́ yí i bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀. Tó bá tutù, ó ti bọ́ nìyẹn.

Ìyá Rọ́fíà
Ẹ kì í fi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i?

Alákàrà Òró
Àwọn kan ń kán an sí i kó má baà dì. Màmá mi kì í fi sí i. Iná ni wọ́n máa ń ṣọ́.