Dẹ́ńsítì òkúta: kí ló dé tí èsì àwọn ọmọ JSS 2 kò bára mu?

Tíṣà_JSS2
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló ṣa òkúta akọ fífọ́, irú èyí tí àwọn bíríkìlà ń pò mọ́ kọnkéré, láti inú òkìtì kan náà. Òkúta kan, 5.4 g, ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lò pẹ̀lú sìlíńdà ìwọ̀n 100 mL. Wọ́n pín ìwọ̀n òkúta sí iye mL tí omi fi gòkè nígbà tí òkúta wọlé (1 mL jẹ́ 1 cm³), ìyẹn ni dẹ́ńsítì. Èsì wọn: 1.8, 2.7 àti 5.4 g/cm³. Níbo ni àṣìṣe wà?

OníLáàbù
Òkúta yín ló kéré jù. Òkúta akọ tó wọ̀n 5.4 g kò lè gbé omi sókè ju nǹkan bíi 2 mL lọ. Bí ọmọ bá ṣì í kà pẹ̀lú 1 mL péré, 2 á di 3, èsì á di 1.8, bó bá di 1, ẹ ó rí 5.4. Èsì yín gan-an nìyẹn.

Ẹ kó irú rẹ̀ mẹ́wàá jọ, kó tó 54 g. Gbígbẹ ni kí ẹ wọ̀n wọ́n, torí omi tó bá lẹ̀ mọ́ wọn lára á di ara ìwọ̀n. Ẹ bu omi 50 mL, ẹ fì sìlíńdà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí òkúta máa yọ́ wọlé níkọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá jù ú láti òkè, omi á ta dànù, ìdí gíláàsì sì lè là. Ẹ gbé e dúró, ẹ fi ìka ta á lára kí afẹ́fẹ́ tó há sáàárín òkúta jáde. Bí omi bá dé 70, 54 ÷ 20 = 2.7. Àṣìṣe 1 mL ò lè gbé e kọjá 2.57 sí 2.84 mọ́.

Ìyá_Físíìsì
Bí wọ́n ṣe ń kà á náà wà ńbẹ̀. Omi máa ń gun ara gíláàsì, àárín rẹ̀ á wá jin. Ìsàlẹ̀ ibi tó jin ni kí wọ́n kà, kí ojú wọn bá a dọ́gba. Ẹni tó wò ó látòkè á ka iye tó pọ̀ jù. Bó bá ṣì í kà bákan náà lẹ́ẹ̀mejèèjì, kí òkúta tó wọlé àti lẹ́yìn tó wọlé, kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ẹni tó jókòó kà á nígbà àkọ́kọ́, tó wá dìde kà á lẹ́ẹ̀kejì, ló ń ba èsì jẹ́.

Ẹ má sì fi yangí ṣe é o! Ó ní ihò, ó ń mu omi. Afẹ́fẹ́ á máa hó jáde lára rẹ̀, omi á sì máa lọ sílẹ̀ lójú yín.

Tíṣà_JSS2
Ẹ ṣeun gan-an. Wọ́n ṣì ń sọ pé ohun tó bá ti wúwo ló ń rì.

OníLáàbù
Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tí ìtì igi ń léfòó, tí ìṣó kékeré ń rì. Tàbí kí ẹ mú èkùrọ́ tí wọ́n ti pa wá. Nínú omi lásán, àti èkùrọ́ àti èèpo rẹ̀ ló ń rì. Ẹ máa po amọ̀ mọ́ omi náà díẹ̀díẹ̀ títí èkùrọ́ á fi léfòó, tí èèpo á ṣì wà nísàlẹ̀: dẹ́ńsítì omi amọ̀ ti ju ti èkùrọ́ lọ nìyẹn, kò tíì tó ti èèpo. Bí àwọn tó ń pa èkùrọ́ ṣe ń yà á sọ́tọ̀ nìyẹn. Ẹ ṣáà máa ro omi amọ̀ náà pọ̀. Bí omi náà bá tòrò, èkùrọ́ á tún rì.