Wọ́n ní kí n kọ "Go On With One Nigeria" sẹ́yìn bọ́ọ̀sì. Ṣé kí n kọ ọ́?

Átísì Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ ọ̀dà ni mò ń ṣe n'Íbàdàn. "Ìyá Ni Wúrà" tí ẹ máa ń rí lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn, irú wa la máa ń kọ ọ́. Bàbá sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì ra bọ́ọ̀sì fún ọmọ ẹ̀. Ó ní kí n kọ "Go On With One Nigeria" sẹ́yìn ẹ̀, kí n fi ọ̀dà pupa kọ lẹ́tà tó ṣáájú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó lè yọ GOWON, orúkọ olórí ìjọba ológun nígbà ogun Biafra. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì fà á tán ni ọmọ ẹ̀ bá pè mí sẹ́yìn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn kan á ní ìjọba ló gbé ọkọ̀ fún mi, àwọn Ìgbò á ní mò ń bú àwọn." Mo sì ti gba àsansílẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Òkè-Àdó:
Ọmọ mi, kọ ọ́ fún un. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní July 1967. Rédíò ò sinmi: "To keep Nigeria one is a task that must be done." Ká tó gbọ́ òyìnbó ẹ̀, a ti há a sórí. Ẹni tó fi ẹ̀mí ẹ̀ wewu nítorí ẹ̀, ẹ jẹ́ kó ní in.

Ìyàwó Aba:
Ẹ má bínú, bàbá. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, Aba ni mo ti lọ́kọ. Bàbá ọkọ mi lówó ní báńkì kí ogun tó dé. January 1970, Gowon ní kò sẹ́ni tó ṣẹ́gun, kò sẹ́ni tí wọ́n ṣẹ́gun. Iye yòówù kéèyàn ní, 20 pọ́n-ùn ni wọ́n kà lé e lọ́wọ́. Títí tí bàbá fi kú, bí wọ́n bá ti dárúkọ One Nigeria lórí tẹlifíṣọ̀n, á ní ká pa á.

Ọmọ Ọjọ́ta:
One Nigeria kẹ̀? Iná lọ, "One Nigeria!" Epo wọ́n, "One Nigeria!" Nígbà tá a ṣe ìwọ́de Yoruba Nation lọ́dọ̀ wa ní July 2021, ẹni tá a bá fẹ́ sọ pé ó ti ta ilé baba ẹ̀, "ọmọ One Nigeria" là ń pè é. (Bí Super Eagles bá gbá a wọlé, èmi náà máa ń pariwo ẹ̀. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.) Ọ̀gá, ẹ kọ ọ́, àmọ́ ẹ má fi nọ́ńbà fóònù yín sábẹ́ ẹ̀ o.

Átísì Mọ́kọ́lá:
Ẹ ṣé o. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún bàbá. Wọ́n wà lára àwọn sójà tó bá ọ̀gágun Adékúnlé, tí wọ́n ń pè ní Black Scorpion, wọ Port Harcourt ní 1968. Nígbà tí mo ka ti Aba, wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá ní, "Mo mọ Aba." Wọ́n ní kí n nu ṣọ́ọ̀kì yẹn kúrò, kí n kọ ọjọ́ tí ogun parí nìkan, 15/1/1970, ọ̀dà funfun. Ọmọ wọn dé lálẹ́, ó wò ó, ó ní ṣé ọjọ́ ìbí bàbá ni.