Ta ló yẹ kó máa pinnu ohun táwọn ọmọ wa ń kọ́ níléèwé?

Ìyá Ìbejì Kúbwà: Ẹ káàsán o. Lọ́dún 2022 ìjọba ní èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ praimárì, ó di November 2025 mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní àwọn ti wọ́gi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni látilẹ̀. Kì í ṣe pé mo ń jà fún ìkan o, ní Kúbwà l'Ábújà níbí ọmọ Gbàgyí, Háúsá, Ígálà, Yorùbá ló kún kíláàsì kan, èdè ta ni wọ́n fẹ́ mú? Àmọ́ ta ni wọ́n bi?

Tíṣà Nyányà: Mọ̀mí, àwa tíṣà LEA, iléèwé praimárì ìjọba, gan-an, orí rédíò la ti gbọ́. Wọ́n tún ní ká máa kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà, ẹyọ kan tó wà ní ọ́fíìsì hẹ́ẹ̀dì, aṣọ ló wà lórí ẹ̀, kò síná, mo bá fi ṣọ́ọ̀kì ya kíbọ́ọ̀dù sára bọ́ọ̀dù, àwọn ọmọ ń wá tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan 😂

Alhaji Kàdúná: Ẹ má bínú o, tí gbogbo wa bá ń dá sí kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù, ìyẹn ètò ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ, ariwo ọjà ló máa dà. Iṣẹ́ àwọn tó kàwé ẹ̀ ni. SBMC, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iléèwé, ṣáà wà níléèwé ìjọba fún òbí, ṣé ẹ máa ń lọ?

Ìyá Ìbejì Kúbwà: Mo lọ sà. Owó tá a máa dá tún ṣáláńgá ṣe la sọ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bàbá Sábóńgàrí: Alhaji, ọ̀rọ̀ yín ò jọ mí lójú. Ìpàdé kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe l'Ékòó ní 1969, wọn ò fi mọ sọ́dọ̀ ọ̀mọ̀wé nìkan, wọ́n pe ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹgbẹ́ àgbẹ̀, àwọn obìnrin, àwọn ẹlẹ́sìn, ibẹ̀ sì ni ìlànà ẹ̀kọ́ ti 1977 ti ṣẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé náà kì í kàn kéde nǹkan, Fáfúnwá, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹ̀kọ́, fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ praimárì n'Ífẹ̀ láti 1970, ọdún mẹ́fà gbáko, kó tó sọ pé ó dáa. Èwo ni wọ́n dán wò báyìí kí wọ́n tó wọ́gi lé e?

Alhaji Kàdúná: Ó dáa, mo gbà fún yín lórí ìdánwò yẹn. Ti àgbẹ̀ ni mi ò tíì gbà.

Tíṣà Nyányà: Ẹ tiẹ̀ pe àwa ná sà.