Ọkọ̀ mi ń dún kọ́-kọ́-kọ́ tí mo bá ń yí i, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Táyà iwájú ló ń fa ọkọ̀ mi, tí mo bá ti ń ṣẹ́rí padà ní Lágere báyìí ẹsẹ̀ òsì á máa dún kọ́-kọ́-kọ́, àmọ́ tí mo bá ń lọ tààrà sí Iléṣà mi ò ní gbọ́ nǹkan kan. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, rọ́bà tó bo CV joint (oríkèé irin tó ń jẹ́ kí táyà máa yí bí a bá tiẹ̀ ṣẹ́rí ọkọ̀) ti ya, gíríìsì dúdú ti ta sínú ríìmù, mo fi ìka pa á, iyanrìn ló kún inú ẹ̀. Mo ti ní kí wọ́n di nọ́ọ̀tì táyà le, kò yí padà. Mẹkáníìkì kan ní ká fọ̀ ọ́ ká rọ gíríìsì tuntun, èkejì ní irin inú ẹ̀ ti jẹ, ká ra odidi shaft (ọ̀pá irin tí joint yẹn wà lẹ́nu ẹ̀) tòkunbọ̀. Ẹ̀rù tòkunbọ̀ ń bà mí, àwọn ọmọ ni mo fi ń gbé lọ síléèwé. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n ra joint yẹn nìkan ní tuntun ni àbí odidi shaft? Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀, mo dúpẹ́ sílẹ̀ o.