Ẹ gbà mí o, ta ni bàbá ńlá wa ní Fìrítáùnù?

Ìyá Ìbejì, Peckham: Ẹ̀yin ará mi, Fráìdè ni àǹtí mi l'Ékòó fẹ́ kó ìwé ìrántí màmá wa àgbà lọ tẹ̀. Wọ́n ní bàbá ńlá wa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tẹ Fìrítáùnù ní Sierra Leone dó, kí n wá ìran rẹ̀. Mo tẹ orúkọ ìdílé wa sórí íntánẹ́ẹ̀tì, òyìnbó olóko kan ní Virginia ló jáde. Ṣé kí n kọ ọ́ sí i?

Bùrọ̀dá Toronto: Ẹ má kọ ọ́ o! Èmi sanwó ọdún kan gbáko, mo to ìran olówó ẹrú kan kalẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé orúkọ ìrìbọmi lásán ni bàbá wa gbà. A ò bá ọkùnrin yẹn tan rárá.

Àdùkẹ́, Halifax: Ẹ rọra, Bùrọ̀dá. Tó bá jẹ́ pé 1792 ni wọ́n dé, wọ́n wà lára àwọn aláwọ̀ dúdú tó kúrò ní Amẹ́ríkà, tí púpọ̀ nínú wọn sá fún oko ẹrú; Halifax níbí, ní Kánádà, ni wọ́n ti gbéra. Ọkọ̀ 15 ni John Clarkson, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan, fi kó wọn. Book of Negroes ti 1783, ìwé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ka àwọn tó ń wọkọ̀ kúrò ní New York, kọ orúkọ púpọ̀ nínú wọn, ọjọ́ orí, ìrísí, àti ọ̀gá tí wọ́n sá fún. Olóko yẹn lè jẹ́ ọ̀gá.

Bùrọ̀dá Toronto: Ọ̀gá kì í ṣe bàbá!

Àdùkẹ́: Èmi ò pè é ní bàbá. Ìwé ọ̀gá lẹ máa tú kẹ́ ẹ tó rí ìyá ẹni náà. Oko George Washington ni Harry Washington ti sá, òun náà bá wọn dé Fìrítáùnù. Ta ló máa kọ ọ́ pé ọmọ George ni?

Alàgbà, Houston: Ìyá Ìbejì, báwo ni wọ́n ṣe ń kì yín?

Ìyá Ìbejì: Ọmọ Ọbòkun ni, sà.

Alàgbà: Áà! Ìjẹ̀ṣà ni yín nìyẹn. Ẹ wo ọ̀dọ̀ àwọn Àkú, àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú lójú òkun lẹ́yìn 1808. Ìwé Fìrítáùnù kọ orúkọ àbísọ wọn, bí wọ́n ṣe ga tó, títí dórí ilà ara. Ṣebí bí Àjàyí ṣe di Crowther nìyẹn: 1821 ni wọ́n kó o l'Óṣogùn, 1822 ni wọ́n gbà á, orúkọ àlùfáà Lọ́ńdọ̀nù kan ló wá ń jẹ́. Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ń kó ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pamọ́ sí, ní ìwé tó pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìyá Ìbejì: Kew! Ọkọ̀ ojú irin lásán ni. Lọ́ńdọ̀nù ló ni gbogbo ẹ̀.

Àdùkẹ́: Ìwé lẹ ní, àwa la ní èbúté tí wọ́n ti wọkọ̀.

Bùrọ̀dá Toronto: Pẹ̀lú òtútù yẹn? Abájọ tí wọ́n fi sá lọ.

Alàgbà: Ẹ máa bọ̀ ní Houston, oòrùn wa jọ t'Èkó. Àárò Ọlọ́wọ̀gbọ́wọ̀ l'Ékòó mà ń sọ mí o. Àwọn màmá Sàró, ìran àwọn tó ti Fìrítáùnù padà wálé, nínú kàbá, lọ́jọ́ Sọ́ńdè...

Ọmọ Campos, Manchester: Kí wọ́n kọjá wá sọ́dọ̀ àwa Àgùdà, ìran àwọn tó ti Brazil padà wálé, kí wọ́n wá jẹ frejon! Ẹ̀wà tá a lọ̀ kúnná, tá a fi omi àgbọn sè.

Ìyá Ìbejì: Ẹja díndín ńkọ́?

Ọmọ Campos: Ó wà ńbẹ̀, mà, pẹ̀lú ata. Good Friday tó ń bọ̀, ẹ wọ rélùwéè, ẹ máa bọ̀ ní Manchester.