Àbọ̀ ìbéèrè mi: owó tí kì í pé bí Python bá pín in tán

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Ohun tí mo bèèrè nìyí: èrè ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa ní Iléṣà kì í pé lẹ́yìn tí Python (èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà) bá pín in, round, àṣẹ tó ń sọ nọ́ńbà di odidi, sì ń ṣe mí ní kàyéfì: round(2.5) ń gbé 2 jáde, nígbà tí round(3.5) ń gbé 4.

Ẹni tó ní kí n pa náírà tì, kí n máa fi kọ́bọ̀ ṣírò, ló yanjú ẹ̀. ₦1,000 fún èèyàn mẹ́ta di divmod(100000, 3), àṣẹ tó ń pín nọ́ńbà tó sì ń sọ iye tó ṣẹ́kù, èsì rẹ̀ ni (33333, 1): kálukú gba ₦333.33, kọ́bọ̀ kan ṣẹ́kù. Ẹni tórúkọ rẹ̀ ṣáájú nínú ìwé ni mo ń fi ìyẹn kún tiẹ̀. Màmá akápò fi bírò tẹ̀lé e látòkè délẹ̀, ó pé ṣánṣán.

Decimal, irú nọ́ńbà Python tó ń tọ́jú nọ́ńbà gẹ́lẹ́ bí a ṣe kọ ọ́, náà ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ má gbàgbé àmì ọ̀rọ̀ (" ") o. Decimal("2.675"), tí mo fi quantize (tó ń dín in kù sí nọ́ńbà méjì lẹ́yìn àmì ojúàmì) àti ROUND_HALF_UP (tó ń gbé ìdajì sókè) sí, di 2.68. Láìsí àmì yẹn, 2.67 ló ń jáde, torí 2.675 tí kọ̀ǹpútà tọ́jú fi bíńtín dín.

Round fúnra rẹ̀ ò bàjẹ́: ní Python 3, tó bá kan ìdajì gẹ́lẹ́, nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì ló ń lọ bá.

Àwọn ajigbèsè, tí owó wọn ní àmì ìyọkúrò, ló kù. -7 // 2 ń fún mi ní -4, torí ìsàlẹ̀ ni //, àmì pínpín tó ń fi odidi nìkan sílẹ̀, máa ń lọ. Ní báyìí, mo ń pín in láìsí àmì ìyọkúrò, kí n tó dá a padà. Kò wù mí, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.